Bí Ẹ Ṣe Lè Tẹ Ọ̀dà Tó Ń Gbọ́ Ooru Sára Aṣọ Láì Fi Owó Ṣòfò

Ìbéèrè kan náà ni mò ń rí gbà ṣáá: "Mo ra lúbúlúbú tó ń pàwọ̀ dà, mo pò ó mọ́ omi gbígbóná, mo ri aṣọ bọ inú rẹ̀ bí ẹni ń rẹ aró. Nígbà tí mo ṣan aṣọ, gbogbo rẹ̀ bá omi lọ. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Ìdáhùn rẹ̀ ò gùn: ohun tí ẹ rà kì í ṣe aró. Aró máa ń wọ inú òwú lọ. Èyí kì í wọ ibì kankan. Ojú aṣọ ló ń jókòó sí, bí ọ̀dà tí wọ́n kùn sára ògiri. Ohun tó bá dì í mú níbẹ̀ ló máa sọ bóyá á pẹ́ tàbí kò ní pẹ́.

Ẹni tó fẹ́ ṣe aṣọ tó máa pàwọ̀ dà bí ọwọ́ bá kàn án ni mo kọ èyí fún, àti ẹni tó fẹ́ àmì tó máa sọ pé nǹkan ti gbóná jù, àti ẹni tó fẹ́ fi bátìrì mú aṣọ ọlọ́gbọ́n, ìyẹn aṣọ tí iná ń yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ṣiṣẹ́. Ẹ lè fo ibi tí kò kàn yín. Ẹ má ṣáà fo apá tó sọ̀rọ̀ lórí yíyan ìwọ̀n ooru, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù.

## Ohun tó wà nínú rẹ̀

Lára ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, ẹ máa rí i pé wọ́n kọ thermochromic pigment, ìyẹn ọ̀dà tó ń gbọ́ ooru. Hóró kọ̀ọ̀kan dà bí ẹyin tíńtín. Ó kéré débi pé tí ẹ bá to igba nínú wọn síra, gbogbo rẹ̀ kò ní gùn ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ. Èèpo rẹ̀ le, ohun mẹ́ta ló sì wà nínú rẹ̀:

- àwọ̀ kan tó ń jẹ́ leuco dye, tí kì í hàn àfi tí ásíìdì bá dì mọ́ ọn;
- ásíìdì tí kò lágbára;
- ọ̀rá (irú èyí tó ń yọ́, kì í ṣe ọ̀rá ìkó-nǹkan-sí).

Nígbà tí nǹkan bá tutù, ọ̀rá á dì, ásíìdì á dì mọ́ àwọ̀, ojú yín á sì rí i. Bí ooru bá dé, ọ̀rá á yọ́, àwọn méjèèjì á tú ká, àwọ̀ á pòórá. Tó bá tún tutù, wọ́n á tún padà pàdé. Irú ọ̀rá tó wà nínú rẹ̀ ló ń pinnu ibi tí èyí ti máa ṣẹlẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, tetradecanol máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 38 °C, hexadecanol ní nǹkan bíi 49 °C.

Látinú èyí, ẹ fi nǹkan méjì sọ́kàn. Àkọ́kọ́, àwọ̀ yìí kì í kúrò ní pupa kó di búlúù fúnra rẹ̀. Ṣe ló ń hàn, tó ń pòórá. Ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ lẹ máa rí nígbà tó bá lọ. Ìkejì, tí èèpo ẹyin yẹn bá fọ́, ó parí. Púpọ̀ nínú ìkìlọ̀ tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, orí èèpo yẹn ni wọ́n dá lé.

## Kí ẹ tó ra: ìwọ̀n ooru ṣáájú, àwọ̀ lẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ ló máa ń wo àwọ̀ tó wuyì kí wọ́n tó wo nọ́ńbà. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Mo ra búlúù tí wọ́n kọ 31 °C sí lára. Mo ṣí ọ̀rá náà lọ́sàn-án gangan, lúbúlúbú inú rẹ̀ funfun, ó kàn dà bí ẹni pé eérú díẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni. Inú bí mi, mo ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á kó tó wá sí mi lọ́kàn pé kí n gbé e sínú fìríìjì. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi di búlúù kíkí. Yàrá mi ló gbóná ju 31 °C lọ. Ọ̀dà náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, èmi ni mi ò ṣe tèmi.

Nítorí náà, ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ gbé tẹ̀mómítà sí ibi tí aṣọ náà máa ti ṣiṣẹ́. Ẹ kọ bó ṣe gbóná tó nígbà tó gbóná jù lọ sílẹ̀, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́.
2. Ẹ wọn ohun tó máa mú un pàwọ̀ dà: ọwọ́ èèyàn, ife tíì, ẹ̀rọ, omi ìwẹ̀. Awọ àtẹ́lẹwọ́ sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 32 sí 34 °C, kì í ṣe 37 °C tó wà nínú ara. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn.
3. Ẹ mú nọ́ńbà tó wà láàárín méjèèjì. Kí ibi tó tutù fi ìwọ̀n márùn-ún ó kéré tán rẹlẹ̀ sí i, kí ohun tó ń mú un gbóná sì fi ìwọ̀n mélòó kan ga jù ú lọ.
4. Tí àyè kò bá sí láàárín wọn, bóyá yàrá wà ní 31 °C, ọwọ́ sì wà ní 33 °C, ẹ má tan ara yín: iṣẹ́ náà kò ní hàn. Ẹ yí i padà. Ẹ mú èyí tó wà ní nǹkan bíi 22 °C, kí ó jẹ́ pé òtútù ló máa mú àwọ̀ jáde, bíi ti omi yìnyín tó kan aṣọ.

Àwọn nọ́ńbà tó wọ́pọ̀ lọ́jà àti ohun tí wọ́n dára fún:

- 15 °C: ohun mímu tútù, àwọ̀ á hàn nígbà tó bá tutù tó.
- 31 °C: ọwọ́ àti èémí, níbi tí yàrá bá tutù.
- 45 °C: ìkìlọ̀ pé ife tàbí omi gbóná jù.
- 65 °C: ara ẹ̀rọ àti páìpù.

### Nọ́ńbà tó wà lára ọ̀rá ò dúró bẹ́ẹ̀

Nọ́ńbà kan ni wọ́n kọ, àmọ́ ààlà méjì ni ọ̀dà náà ní. Tí ooru bá ń gòkè, á bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá ní ìwọ̀n díẹ̀ ṣáájú nọ́ńbà náà, á sì lọ tán níbẹ̀. Tí ooru bá ń sọ̀ kalẹ̀, kò ní padà ní ibi tó ti lọ. Ó gbọ́dọ̀ tutù sí i. Àlàfo yẹn lè jẹ́ ìwọ̀n mẹ́ta, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fẹ àlàfo yìí nígbà mìíràn. Bíìrò FriXion tí iléeṣẹ́ Pilot ń ṣe jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ẹ fi rọ́bà ìdí rẹ̀ ha ìwé, ooru ìfọwọ́ha á gòkè tó nǹkan bíi 60 °C, ohun tí ẹ kọ á sì pòórá. Kò ní padà wá nínú yàrá. Àfi tí ẹ bá gbé ìwé náà sínú fìrísà tó tutù ré kọjá òdo gan-an. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi ìwé rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa fi lè padà wá bá ìwé òfìfo.

## Ṣé irú èyí gan-an ni iṣẹ́ yín ń fẹ́?

Kí ẹ tó náwó, ẹ wo àwọn tó kù.

Liquid crystal. Èyí ló wà nínú pèlébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí ọmọ láti wo ibà. Orí ilẹ̀ dúdú ló ti ń hàn. Bó bá ṣe ń gbóná sí i, á kọ́kọ́ pupa, á di àwọ̀ ewé, á sì di búlúù, láàárín ìwọ̀n díẹ̀ péré. Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye ooru, tí kì í ṣe bóyá ó gbóná tàbí kò gbóná nìkan, òun ni kí ẹ mú. Àmọ́ kò fara da fífọ̀, ìdọ̀tí àti òróró ọwọ́ sì tètè máa ń bà á jẹ́. Mi ò ní tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ wíwọ̀ láéláé.

Èyí tí kì í padà. Tí ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ bá jẹ́ "ṣé nǹkan yìí ti gbóná rí?", èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ kò wúlò fún yín, torí á ti padà sí bó ṣe wà kí ẹ tó débẹ̀. Rìsíìtì tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù, irú leuco dye kan náà ló wà lára rẹ̀; ooru ẹ̀rọ ló ń mú un dúdú, kì í sì í padà. Àmì onígun mẹ́rin tó wà lára ìgò àjẹsára pẹ̀lú kì í padà. Láti 1996 ni wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ lé e lórí tó, bẹ́ẹ̀ ni onígun mẹ́rin àárín rẹ̀ á máa dúdú sí i. Tó bá ti dúdú bíi róbótó tó yí i ká, wọn kò gbọ́dọ̀ lò ó mọ́.

Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Wọ́n ń kọ́ni káàkiri bí wọ́n ṣe ń fi cobalt chloride tàbí èròjà tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí. Lóòótọ́, wọ́n ń pàwọ̀ dà. Májèlé ni wọ́n. Wọn kò yẹ lára aṣọ, wọn kò sì yẹ nílé.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- lúbúlúbú náà, 10 gíráàmù tó láti bẹ̀rẹ̀
- báíńdà aṣọ tí wọ́n fi omi ṣe, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń tẹ aṣọ ń lò (acrylic tàbí polyurethane)
- aṣọ funfun tàbí aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, àti àjákù irú aṣọ kan náà fún ìdánwò
- òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù
- búrọ́ọ̀ṣì, tàbí síkírìnì ìtẹ̀wé tí ihò rẹ̀ tó 43T (òwú 43 ní sẹ̀ǹtímítà kan)
- ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú
- tẹ̀mómítà, abọ́ méjì, ọ̀rá kékeré tó ń dé pa
- áyọ́ọ̀nù, àti pépà tí wọ́n ń tẹ́ sínú pán-ùn ìyan-nǹkan

Ìbòmú yẹn ò sí níbẹ̀ fún ọ̀ṣọ́. Lúbúlúbú yìí fúyẹ́, ó máa ń fò lọ bí àtíkè. Bisphenol A sì ni ásíìdì inú púpọ̀ nínú wọn, ohun tí èèyàn kò gbọ́dọ̀ jẹ. Ẹ má ṣe lo abọ́ tí ẹ fi ń jẹun, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ sí ibi tí ọmọ lè fi sẹ́nu.

## Bí ẹ ṣe máa pò ó àti bí ẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́

1. Ẹ fọ aṣọ náà. Aṣọ tuntun ní sítáàṣì lára. Ọ̀dà á jókòó sórí sítáàṣì yẹn, nígbà tí sítáàṣì bá sì lọ, wọ́n á jọ lọ ni. Ẹ má fi ohun amú-aṣọ-rọ̀ sí omi tí ẹ máa fi ṣan án.
2. Ẹ wọn lúbúlúbú 10 gíráàmù àti báíńdà 90 gíráàmù. Ibi tó dáa láti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ èyí tó ti wà nínú omi bíi kíríìmù lẹ rà, omi ti kó bí ìdajì rẹ̀, ẹ fi í tó 20 gíráàmù.
3. Ẹ kọ́kọ́ fi omi díẹ̀ po lúbúlúbú náà títí yóò fi dà bí ọṣẹ ìfọyín. Ẹ máa fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ibi tó bá ṣù. Tí ẹ bá dà á sínú báíńdà ní gbígbẹ, á ṣù, síkírìnì á dí, àtíkè rẹ̀ á sì gba gbogbo yàrá.
4. Ẹ da báíńdà sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ rò ó. Ẹ má gbé e sínú bùléńdà. Abẹ rẹ̀ á fọ́ ẹyin.
5. Ẹ dánwò lórí àjákù aṣọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fọwọ́ lé e, ẹ wò ó. Tí àwọ̀ kò bá kí tó, ẹ fi lúbúlúbú kún un ní gíráàmù méjì-méjì. Tó bá ti lé ní 30 nínú 100, báíńdà kò ní lè dì í mú mọ́; á máa ṣí.
6. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí èyí àkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó gbé ìkejì lé e. Ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn máa ń sán níbi tí aṣọ bá ti ká.
7. Ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú ibòòji. Kì í ṣe nínú oòrùn. Mo mọ̀ pé oòrùn yá jù.
8. Ẹ lò áyọ́ọ̀nù láti ẹ̀yìn aṣọ, pẹ̀lú pépà láàárín, láìfi omi gbígbóná sí i. Ohun tí wọ́n kọ sára báíńdà ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ó má sáà ti kọjá 150 °C, kí ó má sì ju ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Tí báíńdà yín bá jẹ́ irú èyí tí afẹ́fẹ́ lè mú le láìsí ooru, òun ló dáa jù.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́, gbogbo iṣẹ́ yín á pòórá lójú yín. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ gbé e síbi tó tutù, á padà.

### Tí ẹ bá fẹ́ kí ó ti inú àwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn

Ẹ fi ọ̀dà aṣọ lásán díẹ̀ mọ́ ọn. Búlúù tó ń gbọ́ ooru pẹ̀lú yẹ́lò tí kò gbọ́ á fún yín ní àwọ̀ ewé nígbà tó bá tutù. Tó bá gbóná, búlúù á lọ, yẹ́lò á ṣẹ́ kù. Pupa pẹ̀lú yẹ́lò á ti inú àwọ̀ ọsàn bọ́ sí yẹ́lò. Ọ̀dà lásán lágbára ju èyí tó ń gbọ́ ooru lọ fíìfíì, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kejì, tí mo fẹ́ràn jù: ẹ fi ọ̀dà lásán ya àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ná, kí ẹ fi dúdú tó ń gbọ́ ooru bò ó mọ́lẹ̀. Ọwọ́ kan án, ọ̀rọ̀ jáde.

## Kí ó tó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀: ìdánwò inú omi

Tó bá jẹ́ fún ọ̀ṣọ́ ni, ẹ fo ibí yìí. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan máa gbọ́kàn lé e láti mọ̀ pé nǹkan gbóná, ẹ má fò ó.

1. Ẹ gé àjákù tí ẹ ti tẹ̀ tán, ẹ fi sínú ọ̀rá tó ń dé pa, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.
2. Ẹ rì í bọ inú omi tó fi ìwọ̀n mẹ́wàá rẹlẹ̀ sí nọ́ńbà tó wà lára ọ̀rá. Tẹ̀mómítà kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, kó má kan ìdí abọ́.
3. Ẹ máa bu omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ya fọ́tò. Ẹ jẹ́ kí bébà funfun kan wà nínú gbogbo fọ́tò, torí kámẹ́rà fóònù máa ń tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀.
4. Tó bá ti lọ tán, ẹ máa bu omi tútù sí i, kí ẹ padà sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.
5. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin sílẹ̀: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ibi tó ti lọ tán, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà, ibi tó ti padà tán.
6. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Tí nọ́ńbà kò bá dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ń kánjú ni.

Nọ́ńbà kejì ni ìkìlọ̀ yín. Ohun tí àwọ̀ tó bá lọ tán ń sọ ni pé ooru ti kọjá ibẹ̀. Kò sọ bó ṣe fi kọjá tó. Ẹ má fi aṣọ yìí dá ìwòsàn ṣe. Ara tó gbóná nílò tẹ̀mómítà gidi.

## Tí ẹ bá fẹ́ kí bátìrì máa yí àwọ̀ náà

Ẹ̀yìn aṣọ ni wọ́n máa ń rán òwú tó ń gbé iná sí, irú èyí tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe. Iná kọjá nínú rẹ̀, ó gbóná, ọ̀dà tó wà lójú aṣọ pòórá níbi tí òwú gbà.

1. Ẹ rán òwú náà lọ bọ̀ bí ejò, kí ìlà kan má kan èkejì. Níbi tí wọ́n bá ti kanra, iná á gba ọ̀nà àbùjá, ibẹ̀ á sì gbóná jù.
2. Ẹ fi mítà wọn ohm rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́nà tó, láti orí kan dé ìkejì.
3. Ẹ ṣírò agbára rẹ̀: fólítì lọ́nà fólítì, kí ẹ fi ohm pín in. Pawabáǹkì 5 V lórí òwú 20 ohm: 25 tí a fi 20 pín, 1.25 W ni. Tí ẹ bá tẹ́ ìyẹn sórí àyè 50 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin, ní ibi tí atẹ́gùn kò ti fẹ́, ó lè gbé ooru aṣọ sókè tó nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́wàá. Tí òwú kan náà bá jẹ́ 5 ohm, ó di 5 W. Ìyẹn ti gbóná jù fún ara.
4. Tí ẹ bá fẹ́ kí Arduino (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré) máa tàn án máa pa á, ẹ fi MOSFET (súìṣì kékeré tí iná ń ṣí tó ń tì) sáàárín. Ẹsẹ̀ Arduino Uno kan kò gbọ́dọ̀ gbé ju nǹkan bíi 20 mA lọ. Òwú 20 ohm yẹn ń fẹ́ 250 mA. Ẹ̀rọ yín á jó tí ẹ bá so ó mọ́ra tààrà.
5. Ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi tẹ̀mómítà wọn ọ́n, kí ẹ tó gbé e sí ara ẹnikẹ́ni.

Awọ tó bá fara kan ohun tó gbóná tó 44 °C lè jóná tó bá pẹ́ níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kó tó jẹ́ pé ẹni náà mọ̀ ọ́n lára bí ìrora. Nítorí náà ọ̀dà 31 °C ló yẹ aṣọ tó kan ara, kì í ṣe 45 °C. Ẹ má so ó mọ́ iná ilé láéláé. Ẹ má fi sílẹ̀ ní títàn kí ẹ sùn.

Ohun kan tó máa ń já àwọn èèyàn kulẹ̀: ó lọ́ra. Títàn rẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, títutù rẹ̀ á sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí aṣọ máa ṣẹ́jú bí iná, kó lọ ra iná. Àwọn pawabáǹkì kan sì máa ń pa ara wọn tí ohun tí wọ́n ń gbé bá kéré jù. Tí tiyín bá ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kì í ṣe òwú yín ló bàjẹ́.

## Àwọn àṣìṣe tí mò ń bá pàdé

"Kò lọ tán." Kò sí èyí tó ń lọ tán pátápátá. Òjìji díẹ̀ máa ń kù. Tó bá pọ̀ jù, ó nípọn jù, tàbí kò tíì gbóná tó.

"Ó lọ, kò padà." Ẹ gbé e sínú fìríìjì kí ẹ tó sunkún. Tí fìríìjì kò bá mú un padà, ẹyin ti fọ́. Áyọ́ọ̀nù ló sábà máa ń fà á.

"Mo fi sípíríìtì po ó kó lè tètè gbẹ." Sípíríìtì, asitónì, tínà: gbogbo wọn ló ń ba ẹyin náà jẹ́. Èyí kò ní àtúnṣe. Omi nìkan.

"Ó ń ṣí." Ẹ kò fọ aṣọ, tàbí lúbúlúbú pọ̀ jù, tàbí báíńdà kò tíì le kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

"Ó ṣá láàárín oṣù kan." Oòrùn ni. Ibi tí ọ̀dà yìí kù sí jù lọ nìyí, kò sì sí ẹni tó ń tà á tó máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo fi àpòpọ̀ kan náà tẹ àjákù méjì ní ọjọ́ kan náà. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ gíláàsì fèrèsé, mo ki èkejì bọ àárín ìwé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ti fèrèsé ti di bí omi ìfọṣọ. Ẹ lè fọwọ́ kàn án títí di ọ̀la, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Ti inú ìwé ṣì ń dáhùn bí ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́. Inú dúrọ́ọ̀ kan ni mo fi àwọn méjèèjì sí báyìí, tẹ́nì kan bá béèrè nípa aṣọ òde, wọn ni mo máa ń mú jáde. Ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dí ìtànṣán oòrùn lè fi ọjọ́ kún un tí ẹ bá fi bò ó, àmọ́ kò ní sọ ọ́ di aṣọ òde.

## Fífọ̀ àti pípa mọ́

- omi tútù, ọṣẹ tí kò le, kò sí bílíìṣì
- ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó fọ̀ ọ́; ẹ má fún un, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á
- ẹ yọ bátìrì kúrò ṣáájú
- ẹ sá a síbi ibòòji, kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbẹ aṣọ
- ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kan ojú ọ̀dà mọ́
- ẹ pa lúbúlúbú tó kù mọ́ sínú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, níbi tó tutù tó sì gbẹ. Èyí tó wà nínú omi kò gbọ́dọ̀ di yìnyín

Kí ẹ sì kọ àwọ̀ rẹ̀ àti ìwọ̀n ooru rẹ̀ sára ìgò, ní ọjọ́ tí ẹ dà á sínú rẹ̀ gan-an. Ìgò mẹ́rin wà lórí pẹpẹ mi tí mo gbà pé màá máa rántí. Lọ́sàn-án, funfun ni gbogbo wọn.